Bí wọ́n ṣe ń fi 100 ọjọ́ gbin ẹ̀fọ́ ní Alaska

 

Níbi púpọ̀ tí a bá dé, ohun tí àgbẹ̀ máa ń sọ fún wa ni pé, "Ọjọ́ ò tó, òjò ti ń lọ." Lónìí, a fẹ́ sọ ìtàn ibì kan tí ọjọ́ ò tó lóòótọ́. Alaska ni, ní òkè àríwá pátápátá lábẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà. Ní àfonífojì Matanuska níbẹ̀, òtútù tó ń pa ewé kì í lọ tán títí di ìparí oṣù Karùn-ún. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án bá fi máa bẹ̀rẹ̀, ó ti ń padà bọ̀. Ohun tó wà láàárín méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ ju 100 ọjọ́ lọ. Síbẹ̀, wọ́n ń gbin ẹ̀fọ́, wọ́n sì ń tà á.

Kí Amẹ́ríkà tó ra Alaska ní 1867, Rọ́ṣíà ló ni ín. Àwọn ará Rọ́ṣíà tó ń ṣòwò awọ ẹran níbẹ̀ gbin pòtétò òyìnbó àti kábéèjì sí ẹ̀yìnkùlé wọn. Àwọn onílẹ̀ gan-an, ìyẹn ẹ̀yà Tlingit àti Haida, kò sì fọwọ́ lẹ́rán. Ilẹ̀ wọn máa ń rin gbingbin, ó sì tutù, nítorí náà wọ́n ń kó ilẹ̀ jọ ga bíi bẹ́ẹ̀dì kí omi lè ṣàn kúrò nídìí pòtétò. Koríko inú òkun ni wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, wọn ò san kọ́bọ̀ lé e. Àwọn Haida tún ń kó pòtétò sínú ọkọ̀ ojú omi lọ tà nílùú Sitka.

Nígbà tó di 1897 àti 1898, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ya lọ sí apá ibẹ̀ torí wúrà. Ìyẹ̀fun, ẹ̀wà àti ẹran gbígbẹ ni wọ́n ń jẹ láti oṣù dé oṣù. Ẹ̀fọ́ tútù ò sí. Bí èrìgì wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ̀jẹ̀ nìyẹn, eyín wọn ń mì, àwọn míì sì kú. Ẹni tó bá ní pòtétò tútù nígbà náà, oògùn ló ní lọ́wọ́.

Ní 1898 yẹn náà ni ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀gbìn rán Charles Georgeson lọ síbẹ̀. Ọmọ bíbí Denmark ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé kò sí nǹkan gidi tó lè hù níbẹ̀. Òun kò bá wọn jiyàn. Ó dá oko ìdánwò sílẹ̀ ní Sitka, lẹ́yìn náà ní Kenai, Rampart, Fairbanks àti Matanuska. Ó ń wá irúgbìn láti àwọn ilẹ̀ tí òtútù mọ́ lára, ó ń wo èyí tó máa gbó kí òtútù tó dé, èyí tó bá yege ni wọ́n ń tọ́jú. Ó tún ń fi irúgbìn ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú kí wọ́n gbìn ín, kí wọ́n sì jábọ̀ fún un.

Ẹ wá wo 1935. Nǹkan le ní Amẹ́ríkà. Ìjọba kó ìdílé bíi 200 láti Minnesota, Wisconsin àti Michigan lọ sí Matanuska. Inú àgọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé. Wọ́n ṣẹ́ gègé lórí ilẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí éékà 40, owó rẹ̀ sì jẹ́ gbèsè tí wọ́n máa san díẹ̀díẹ̀. Kò pé ọdún mélòó kan tí èyí tó ju ìdajì wọn lọ fi kó ẹrù wọn kúrò. Ilẹ̀ tó bọ́ sí àwọn kan lọ́wọ́ ò dáa, igi kún inú rẹ̀, gbèsè ń gorí gbèsè, ọjà sì jìnnà. Àwọn tó dúró dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ kí wọ́n lè jọ máa tajà. Nígbà tí ìjọba kọ́ bárékè ológun sítòsí Anchorage ní 1940, àwọn oníbàárà dé. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ rí i pé ilẹ̀ àti owó ìjọba nìkan ò tó. Àfi kí ọjà wà.

Báwo ni ẹ̀fọ́ ṣe ń yára dàgbà níbẹ̀? Nínú oṣù Kẹfà, oòrùn máa ń wà lójú ọ̀run fún nǹkan bíi wákàtí 19 lójúmọ́. Oòrùn ni ewé fi ń se oúnjẹ, nítorí náà kábéèjì níbẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi. Níbi ìpàtẹ ọdọọdún wọn ní Palmer lọ́dún 2012, kábéèjì ẹyọ kan wọ̀n tó nǹkan bíi kílò 63. Àpò sìmẹ́ǹtì kan ò tó o! Àmọ́ oòrùn yẹn kan náà ló ń mú kí ẹ̀fọ́ míì bíi spinach sáré yọ òdòdó kí ewé rẹ̀ tó pọ̀. Ohun tó ṣe kábéèjì lóore, ó ba spinach jẹ́.

Ọgbọ́n tí àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé níbẹ̀ ń lò nìyí:

1. Wọ́n ń ka ọjọ́ sẹ́yìn, láti ọjọ́ tí òtútù máa dé. Nínú ilé ni wọ́n ti ń ṣe nọ́sìrì kábéèjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà, kó tó di pé wọ́n ṣí i lọ sóko.
2. Wọ́n ń ga bẹ́ẹ̀dì, àwọn míì sì ń tẹ́ ọ̀rá funfun tó mọ́ gaara lé e, kí ilẹ̀ lè móoru.
3. Irúgbìn tó ń tètè gbó ni wọ́n ń yàn.
4. Wọ́n ń tọ́jú pòtétò àti kárọ́ọ̀tì síbi tó tutù tó sì ṣókùnkùn, kí wọ́n má bàa tà á lọ́pọ̀ yanturu lọ́jọ́ kan.

Ní tiwa, ọ̀gbẹlẹ̀ ni òtútù wa. Ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Tòmátì máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ní nọ́sìrì, ó sì tún máa ń lo nǹkan bíi 60 sí 80 ọjọ́ lóko kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Bí òjò bá máa ń dúró ládùúgbò yín ní ìparí oṣù Kẹwàá, ẹ kà á sẹ́yìn: àárín oṣù Keje sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ni nọ́sìrì yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń da irúgbìn nínú oṣù Kẹsàn-án, tí kò ní kànga tàbí akùrọ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń gbìn ín fún. Kí onítọ̀hún kúkú gbin tẹ̀tẹ̀, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin tó fún.

Ẹ wá ràn wá lọ́wọ́: ọjọ́ wo ni òjò dúró lọ́dọ̀ yín lọ́dún tó kọjá? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ìlú yín, ká lè jọ ka ọjọ́ wa dáadáa.