Ohun Tó Ń Pa Ìgbòkun

Bí wọ́n bá ń pìtàn ìgbòkun, eré ìje ọdún 1851 ni ọ̀pọ̀ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ America wá láti New York, ó sì fẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì janlẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń sáré yí erékùṣù Wight ká. Aṣọ òwú tí ẹ̀rọ hun ni wọ́n fi rán ìgbòkun tirẹ̀, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Aṣọ ọ̀gbọ̀ ni ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, a máa rí bí àpò tí atẹ́gùn bá kó sí i, débi pé àwọn atukọ̀ a máa bu omi dà á lára kí ó lè fún pọ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń fi ọkọ̀ díje ti gba ti òwú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá torí èyí sọ pé eré sísá ló ń yan aṣọ fún ọkọ̀, apá kan ìtàn ló rí. Fún ẹni tó kàn fẹ́ rìnrìn àjò lójú omi kó sì padà délé, ohun tó ń ba aṣọ jẹ́ ló ń yàn án.

Ẹ wo àwọn apẹja Brixham àtijọ́ ní gúúsù England. Ìgbòkun wọn tó pupa kì í ṣe ti oge rárá. Amọ̀ pupa tí wọ́n ń wà nítòsí ibẹ̀ ni wọ́n ń sè nínú ìkòkò ńlá pẹ̀lú ọ̀dà, ọ̀rá ẹran àti èèpo igi, tí wọ́n fi ń kun aṣọ náà kí ó má baà jẹrà. Torí pé ọ̀gbọ̀ ni o, òwú ni o, bí ènìyàn bá ká a pa mọ́ ní tútù, yóò bu, lẹ́yìn náà yóò máa ya bí ìwé. Iṣẹ́ ńlá ni títa ìgbòkun sí afẹ́fẹ́ kó lè gbẹ lẹ́yìn gbogbo ìrìn àjò.

Ẹnìkan lè sọ pé Terylene, okùn aṣọ àtọwọ́dá tí Whinfield àti Dickson ṣàwárí lọ́dún 1941, borí òwú nítorí pé kì í tètè fà. Òótọ́ ni, ohun tí àwọn adíje sì ń wá nìyẹn. Àmọ́ àwọn tí kò bá ẹnikẹ́ni díje náà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, torí pé wọ́n lè fi ìgbòkun sílẹ̀ ní tútù kí wọ́n sì lọ sùn.

Ọ̀tá kò tán, ó kàn pààrọ̀ ni. Oòrùn ló kù. Okùn ìránṣọ ló kọ́kọ́ ń jẹ, torí pé orí aṣọ ló yọ sí: ẹ fi èékánná ha ojú ìrán ìgbòkun tó ti pẹ́ lójú oòrùn, okùn náà á já, nígbà tí aṣọ fúnra rẹ̀ ṣì le. Ìdí nìyí tí àwọn arìnrìn àjò fi ń gán aṣọ mìíràn, èyí tó nípọn, mọ́ etí ìgbòkun iwájú tí wọ́n máa ń ká yípo sórí okùn rẹ̀, kí ó lè bo ìyókù lọ́wọ́ oòrùn. Ó wúwo, ó sì ń ba ìrísí ìgbòkun jẹ́ nígbà tí atẹ́gùn kò bá pọ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń sanwó rẹ̀, wọ́n sì ń rù ú kiri òkun, nítorí wákàtí tí ọkọ̀ bá dúró sí èbúté nìkan.