Ilé Là Á Wò Kí A Tó Sọ Òwú-Òkúta Lórúkọ

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, ohun abúgbàmù tí wọ́n kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà nílùú Ìbàdàn bú. Ilé wó, àjà já, fèrèsé fọ́ yángá. Láti ìgbà náà ni káfíńtà àti bíríkìlà ò ti jìnnà sí àdúgbò yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà lára àwọn tó ń tún ilé bàbá wọn ṣe. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun fi ìwé pélébé kan ránṣẹ́, èyí tí ẹnì kan ti túmọ̀ sí Yorùbá, pé kí wọ́n yẹ ilé wò kí ẹnikẹ́ni tó fi ayùn kan àjà. Wọ́n kà á sókè fún káfíńtà: "Ẹ mú àpẹẹrẹ ohun-èlò-ìkọ́lé-tí-iná-kò-lè-jó." Káfíńtà ní, "Màmá, àpẹẹrẹ báwo? Ṣé kí n ṣe irú rẹ̀ mìíràn ni?" Kò sẹ́ni tó lè dá a lóhùn. Ó gbé ayùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ, eruku funfun sì bo gbogbo pálọ̀.

Mi ò bínú sí káfíńtà. Ìtumọ̀ yẹn ló bí mi nínú. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kó dá ọkùnrin náà dúró ti gba etí rẹ̀ kọjá, torí ẹni tó hun ún kò bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń pe nǹkan náà ní ibi iṣẹ́.

Ohun tí ìwé náà fẹ́ sọ kò le: asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló ń sọ, òkúta oní-fọ́nrán tí iná kì í jó. Ní 1901, ará Austria kan, Ludwig Hatschek, gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tó fi ń po símẹ́ǹtì mọ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì láti ṣe páálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó le. Ó sọ ọ́ ní Eternit, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn tó dúró fún ayérayé. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà dá àjọ tó ń kọ́ ilé gbígbé sílẹ̀ ní 1958, tí ilé Bódìjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde, irú páálí bẹ́ẹ̀ ni ayé fi ń ṣe àjà àti òrùlé káàkiri. Nínú páálí bẹ́ẹ̀, asibẹ́sítọ́ọ̀sì sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí páálí bá wà lódidi, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ewu. Bí a bá rẹ́ ẹ, tí a lu ú, tàbí tí a fọ́ ọ, fọ́nrán tó tín-ín-rín ju irun lọ dáadáa yóò fò sókè, yóò wọ ẹ̀dọ̀fóró, kò sì ní jáde mọ́. Ó lè tó 20 ọdún, ó lè ju 40 lọ, kí jẹjẹrẹ tó yọjú. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin dè é pátápátá ní 1999, South Africa ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008. Ojú lásán kò lè dá páálí tó ní in mọ̀ yàtọ̀ sí èyí tí kò ní in. Àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ.

Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá lára àwọn ọ̀rọ̀ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí kò ní wàhálà. Àtúnṣe ilé tó gẹ́gẹ́ bó ṣe wà. Àyẹ̀wò ti di ọmọ ilé láti ọjọ́ pípẹ́. Eruku ni eruku. Jẹjẹrẹ dára gan-an, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ ń gbọ́ "jẹ" nínú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé nǹkan kan ń jẹ ara. Àrùn kòrónà ti kọ́ gbogbo wa ní ìbòmú ní 2020. Kí a ṣáà fi kún un pé ìbòmú aláṣọ kò lè dá fọ́nrán yìí dúró. Fọ́nrán náà kò ní alátakò: a ń sọ fọ́nrán òwú, a ń sọ fọ́nrán fídíò, ọ̀rọ̀ náà sì ń gbé ẹrù rẹ̀ láìsí ariwo.

Orí asibẹ́sítọ́ọ̀sì gan-an ni ìjà wà.

Ní Ìbàdàn, láti Agbówó dé Challenge, ohun tí káfíńtà ń pè ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni páálí funfun tàbí aláwọ̀ eérú tí a fi ń ṣe àjà. Ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní 1965, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n rà ní Dùgbẹ̀ lánàá tí kò ní ẹyọ fọ́nrán búburú kan nínú, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́. Àwọn mìíràn ń pè é ní Nigerite, orúkọ ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1959, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti ń polówó páálí tí kò ní asibẹ́sítọ́ọ̀sì nínú. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí mo bá sọ fún káfíńtà pé, "Jẹ́ ká yẹ asibẹ́sítọ́ọ̀sì yìí wò bóyá asibẹ́sítọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀," ó máa rò pé orí mi ti ń dàrú. Orúkọ kan ṣoṣo ni a fún ìkòkò àti ọbẹ̀ inú rẹ̀. Èdè tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò lè kìlọ̀ pé májèlé wà nínú ọbẹ̀ ìkòkò kan, tí kò sí nínú ti èkejì.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ méjì la nílò: ọ̀kan fún páálí, ọ̀kan fún ohun tó lè wà nínú páálí. Mi ò ní kí a gba asibẹ́sítọ́ọ̀sì lẹ́nu káfíńtà. Páànù, tó ti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún abọ́ ìdáná wá, ti gun òrùlé wa kò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó ń bá a jà. Kí asibẹ́sítọ́ọ̀sì máa jẹ́ orúkọ páálí. Ohun inú rẹ̀ ni kí a sọ lórúkọ tuntun.

Àwọn kan ní kí a pè é ní àìjóná. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn Gíríìkì ṣe, pé asbestos ní èdè wọn ni ohun tí a kò lè pa iná rẹ̀. Ẹ gbọ́ ìtàn náà tán. Lọ́dọ̀ àwọn Gíríìkì, ẹfun gbígbóná tó ń hó bí omi bá kàn án ni asbestos. Amiantos, ohun tí kò ní àbàwọ́n, ni wọ́n ń pe òkúta tí à ń sọ yìí. Àwọn tó wá lẹ́yìn ló ṣi orúkọ gbé, Gẹ̀ẹ́sì sì jogún àṣìṣe náà. Ní Greece títí dòní, ẹfun ṣì ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Faransé ló di èkejì mú, ó ní amiante. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ ní Benin fi ń gbọ́ amiante, tí àwa tí a wà ní Ìbàdàn ń gbọ́ asibẹ́sítọ́ọ̀sì. Ọmọ ìyá kan náà, orúkọ àlejò méjì! Èyí nìkan tó ìdí láti wá orúkọ tí a jọ ni.

Àìjóná ní àbùkù mẹ́ta. Àkọ́kọ́, ìṣẹ̀dá rẹ̀: "àì-" máa ń sọ ọ̀rọ̀-ìṣe di orúkọ ipò, kì í sọ ọ́ di orúkọ ohun. Àìkú kì í ṣe ẹni tí kò lè kú, àìsùn kì í ṣe ẹni tí kò sùn. Bí a bá fẹ́ orúkọ ohun, aláìjóná ló yẹ. Èkejì, oríkì ni. Baba ńlá wa tí òrùlé koríko wọn ń jó ràì lọ́gbẹlẹ̀ ì bá kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kú àbọ̀, ṣùgbọ́n oríkì ń bo àléébù mọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹta, kì í ṣe òótọ́ fún páálí. Nígbà tí a wà ní kékeré, a máa ń ju àfọ́kù rẹ̀ sínú iná lẹ́yìnkùlé kó lè bú bí ìbọn. Eruku tó ń fò nígbà yẹn, àwa ni a fi imú gbà á.

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Irú ilé wo ni nǹkan yìí ti wá? Ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wa á, òkúta ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ já a, ó ń tú bí ẹ̀gbọ̀n òwú. A tilẹ̀ ń ràn án bí òwú. Nellie Kershaw, obìnrin ará Rochdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kú ní 1924 ní ẹni ọdún 33, iṣẹ́ ìrànwú asibẹ́sítọ́ọ̀sì ló ń ṣe. Lára ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ni dókítà William Cooke ti rí ohun tó fi sọ àrùn ẹ̀dọ̀fóró tí fọ́nrán yìí ń fà lórúkọ ní 1927. Òkúta àti òwú ni òbí ọmọ yìí, kò sì sí èyí tí a lè fi sílẹ̀.

Èwo ni kó ṣíwájú? Nínú Yorùbá, olórí ọ̀rọ̀ ló ń ṣíwájú, ẹ̀yán a tẹ̀ lé e. Ilé ìwé, ilé ni. Ìwé ilé, ìwé ni, kò sì sẹ́ni tó lè sùn sínú rẹ̀. Bí a bá sọ pé òkúta-òwú, òkúta ni a pè é, òkúta kì í sì í fò wọ imú. Bí a bá sọ pé òwú-òkúta, òwú ni a pè é, irú òwú tó ti ara òkúta wá, fọ́nrán rẹ̀ ló sì ń pani. Àwọn ará Ṣáínà náà pè é ní shímián: òkúta níwájú, òwú lẹ́yìn. Ẹ má jẹ́ kí ìtò yẹn tàn yín, torí lọ́dọ̀ wọn ẹ̀yán ló ń ṣíwájú. Òwú-òkúta gan-an ni wọ́n ń sọ.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé òwú ò ti rọ̀ jù fún ohun tó burú tó báyìí. Mo ní kó sọ òwú-òkúta létí káfíńtà kó gbọ́ èsì. Káfíńtà á ní, "Irú òwú wo nìyẹn?" Ìbéèrè yẹn ni ilẹ̀kùn tí ìkìlọ̀ máa gbà wọlé.

Ó wá ku "àpẹẹrẹ" tó da káfíńtà láàmú. Àpẹẹrẹ ni ohun tí a ń wò ṣe. Ohun tí ilé àyẹ̀wò fẹ́ ni díẹ̀ tí a mú kúrò lára púpọ̀. Ní ọjà Bódìjà, ẹni tó fẹ́ ra gàrí á bu díẹ̀ tọ́ wò. Ìtọ́wò nìyẹn, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi èyí sẹ́nu? Èdè wa ní apẹ̀rẹ̀ tó yẹ kí a fi gbé e: àyọkà, ohun tí a yọ láti kà. Lójú ọ̀nà yẹn ni mo gbé àbùwò kalẹ̀, ohun tí a bù láti wò. Bù dára ju gé lọ, torí a lè bu páálí, a lè bu eruku, a lè bu símẹ́ǹtì ara ògiri. Páálí tó bá ń rún wómúwómú lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí a pè é ní arúnwómú. Arúnwómú ni kí a bẹ̀rù jù, kí a má tilẹ̀ fọwọ́ ara wa kàn án.

Kí wọ́n tún ìwé pélébé náà kọ báyìí: "Ẹ pa fáànù. Ẹ wọ ìbòmú tó ń dá fọ́nrán dúró. Ẹ fi omi ọṣẹ rin igun asibẹ́sítọ́ọ̀sì kan, ẹ bu àbùwò kékeré, ẹ fi ọ̀rá méjì dì í. Ẹ fi àkísà tútù nu ibẹ̀, ẹ má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Bí irú asibẹ́sítọ́ọ̀sì méjì bá wà nínú ilé, àbùwò méjì ni kí ẹ bù. Kí èsì tó dé, ẹ gbà pé òwú-òkúta wà nínú rẹ̀."

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò àti ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́ káfíńtà Ìbàdàn: ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí sẹ́nu. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fẹ́ gun àkàbà, kí ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ bi onílé pé, "Ṣé wọ́n ti yẹ òwú-òkúta wò nínú àjà yìí?"