Fúláàṣì tó jí láptọ́ọ̀pù mi, àti ibi tí ọgbọ́n náà ti wá

Ẹ̀gbọ́n kan bi mí pé irú fúláàṣì wo ni wọ́n kì bọ láptọ́ọ̀pù mi tó fi jí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, torí ìtàn ẹ̀ kan orílẹ̀-èdè wa gan-an.

Láptọ́ọ̀pù tí mo ń kọ gbèsè àwọn oníbàárà sí ló dédé kọ̀. Windows á yọjú, á tún kú. Ẹni tó kọ́kọ́ bá mi wò ó ní àfi ká nu gbogbo inú ẹ̀ nù. Gbèsè ọdún méjì! Ọmọ Yunifásítì Ahmadu Bello kan ló ní kí n ní sùúrù. Ó ki fúláàṣì bọ̀ ọ́, ó tẹ bọ́tìnì kan bó ṣe ń tàn, kọ̀ǹpútà sì jí láti inú fúláàṣì, láìfọwọ́ kan Windows tó wà nínú ẹ̀. A kó ìwé gbèsè mi jáde pátá.

Ohun tó jí i yẹn ni Linux. Iṣẹ́ tí Windows ń ṣe náà ló ń ṣe: òun ló ń jí kọ̀ǹpútà, òun ló ń pàṣẹ fún gbogbo ohun inú ẹ̀. Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ní Helsinki, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1991, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní 2000, Klaus Knopper, ará Jámánì, gbé Knoppix jáde: sídíì lásán ni, tó o bá ti kì í bọ̀ ọ́, ó ti ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọdún yẹn náà ni fúláàṣì dé ọjà. Ti IBM gba mẹ́gábáìtì 8, bí orin méjì báyìí, ó kún. Nígbà tó di 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, gbé Ubuntu jáde. Títí di 2011, ẹni tó bá béèrè, wọ́n á fi sídíì ẹ̀ ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjà ọ̀fẹ́, owó ọkọ̀ náà ọ̀fẹ́!

Ibi tó kàn wá rèé. Lọ́dún 2007, wọ́n fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kékeré 17,000 fáwọn ọmọ ilé ìwé Nàìjíríà, Classmate tí Intel ṣètò. Kò ní hard disk, fúláàṣì ló wà nínú ẹ̀, Linux ti Mandriva, ilé iṣẹ́ Faransé kan, ló sì yẹ kó wà lórí ẹ̀. Àdéhùn ti parí. Ó kù díẹ̀, Mandriva gbọ́ pé wọ́n á yọ tiwọn, wọ́n á fi Windows rọ́pò. Inú bí ọ̀gá wọn, François Bancilhon, ló bá kọ lẹ́tà ní gbangba sí Steve Ballmer tó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà náà, ó ń bi í pé kí ló ṣe fáwọn èèyàn yìí tí wọ́n fi yí ohùn padà. Ìròyìn tún jáde pé Microsoft fẹ́ fún ilé iṣẹ́ tó gba kọ́ńtíráàtì náà ní 400,000 dọ́là. Microsoft ní owó ìpolówó ọjà ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba owó ìpolówó lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọṣẹ rí, ẹ fúnra yín ẹ dájọ́. Àjọ ìjọba tó ń sanwó ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀, USPF, fèsì pé Mandriva làwọn máa lò. Kò sẹ́ni tó bi àwọn ọmọ léèrè.

Ṣé ẹ rí i, àwa lónìí, a lè yàn fúnra wa. Rufus, tó jáde ní 2011, máa ń kọ Linux sórí fúláàṣì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Oṣù kẹwàá 2025 ni Microsoft parí iṣẹ́ lórí Windows 10, ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tá a rà ni Windows 11 ò sì gbà. Ẹ má tíì jù wọ́n nù. Àmọ́ tí hard disk bá ti bàjẹ́ gan-an, fúláàṣì ò lè mú nǹkan jáde níbẹ̀ o.

Ẹni tó bá fẹ́ kí ọmọ náà ṣe é fún òun, kó mú fúláàṣì 16GB tó ṣófo wá, torí gbogbo ohun tó bá wà lórí ẹ̀ ló máa pa rẹ́. Ẹnì kan láàárín wa ti mú èyí tí fọ́tò ìgbéyàwó ẹ̀ wà lórí ẹ̀ wá, ìyàwó ò tíì bá a sọ̀rọ̀ dáadáa.