Bàìófúẹ̀lì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe É àti Ohun Èlò Rẹ̀ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Bàìófúẹ̀lì ni ohun ìdáná tàbí epo ọkọ̀ tí a rí láti ara irúgbìn, ẹranko tàbí ìdọ̀tí wọn. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún ni epo rọ̀bì fi ń dá sínú ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kì í sábà ju ọdún kan sí méjì lọ lóko. Oríṣi mẹ́rin ló bá Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mu.

Ẹ̀tánọ́ọ̀lù

Ọtí líle tó ń jóná ni èyí. Ìrèké, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, Nàìjíríà ló sì ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ láyé. Wọ́n á rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á sè é, wọ́n á fi ẹ́ńsáìmù sọ sítáàṣì inú rẹ̀ di ṣúgà. Ìwúkàrà á wá sọ ṣúgà náà di ọtí. Omi ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ yọ ọtí kúrò lára omi.

Àwọn tó ń ṣe ògógóró létí ọ̀sà mọ iṣẹ́ yìí dunjú. Wọ́n á da ògùrọ̀ tó ti kan sínú àgbá onírin, wọ́n á dí ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n á daná sí i nídìí. Páìpù tó jáde láti orí àgbá ń gba inú omi tútù kọjá; níbẹ̀ ni ooru ọtí ti ń tutù, tó sì ń kán tó-tó-tó sínú ìgò. 78°C ni ẹ̀tánọ́ọ̀lù ń hó, omi sì di 100°C. Ilé iṣẹ́ ńlá á tún un sè títí yóò fi tó ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì yọ omi tó kù kí wọ́n tó pò ó mọ́ bẹntiróòlù. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2007 fẹ́ kó tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún bẹntiróòlù.

Dísù ewéko

Ní ìpàtẹ ńlá ìlú Paris lọ́dún 1900, òróró ẹ̀pà ló gbé ẹ̀ńjìnnì dísù kan ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n òróró ki jù fún ẹ̀ńjìnnì òde òní. Wọ́n ń pò ó mọ́ mẹ̀tánọ́ọ̀lù àti sódà tí àwọn tó ń ṣe ọṣẹ ń lò, ní nǹkan bí 60°C. Tó bá silẹ̀, gílísẹ́ríìnì á lọ sí ìsàlẹ̀, dísù á wà lókè. Òróró tí wọ́n ti fi dín àkàrà náà wúlò, bí wọ́n bá sẹ́ ẹ, tí wọ́n sì lé omi inú rẹ̀ jáde. Omi ń sọ ọ́ di ọṣẹ. Májèlé ni mẹ̀tánọ́ọ̀lù: òun ló pa èèyàn ní Òde-Ìrèlè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, lọ́dún 2015 nígbà tó wọnú ògógóró.

Gáàsì ìdọ̀tí

Ìgbẹ́ ẹlẹ́dẹ̀, bótó màlúù, èèpo ẹ̀gẹ́, ìfun ẹja láti ọjà Ẹ̀pẹ́, àti koríko ojú omi tó ń dí ọ̀nà ọkọ̀ lójú ọ̀sà, gbogbo wọn ló ń di gáàsì. Wọ́n á gún wọn, wọ́n á pò wọ́n mọ́ omi sínú táńkì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Kòkòrò àìfojúrí á jẹ wọ́n, gáàsì tí mẹ́tẹ́ènì jẹ́ ìdá 50 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ á sì jáde. Irin tó ti dípẹtà tí wọ́n kó sínú páìpù ń fa òórùn ẹyin tó bà jẹ́ kúrò. Ohun tó ṣẹ́kù jẹ́ ajílẹ̀ àtàtà. Ní Àjàṣẹ́, nílẹ̀ Benin, ibùdó Songhai tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ lọ́dún 1985 ń fi ìdọ̀tí ẹran ọ̀sìn ṣe gáàsì yìí.

Ìyàngbò àti lẹ́búlẹ́bú pákó

Ilé ìlọrẹsì Ìmọta ní Ìkòròdú, tí wọ́n ṣí ní 2023, ni wọ́n kọ́ láti máa lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan; nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìrẹsì oko ló sì ń di ìyàngbò. Ní Àgbowà ní àgbègbè Ẹ̀pẹ́, níbi tí ìjọba Èkó pèsè fún àwọn alági Òkóbàbá, lẹ́búlẹ́bú pákó wà. Ẹ̀rọ lè tẹ méjèèjì di ìṣù gbígbẹ tó ń jó bí èédú, àmọ́ eérú ìyàngbò pọ̀.

Oúnjẹ tàbí epo?

Gàrí kò gbọdọ̀ wọ́n nítorí táńkì ọkọ̀. Ìdọ̀tí ló yẹ kí àgbègbè yìí kọ́kọ́ mú lò, kó sì bẹ̀rẹ̀ látorí gáàsì: kò fẹ́ mẹ̀tánọ́ọ̀lù, kò fẹ́ àsètúnsè, ó sì ń gba àwọn tó ń yan ẹja àti onígàrí lọ́wọ́ iná igi.