Orúkọ Ìdílé àti Ọ̀nà Ilé

Ẹ̀yin ará, àwa ti rí ìdílé tí lẹ́tà kan pín sí méjì. Ṣódẹkẹ́, ẹni tí ó kó Ẹ̀gbá dé Abẹ́òkúta ní nǹkan bí 1830, di Shodeke nínú ìwé kan, ó di Sodeke nínú òmíràn. Ìpàdé Èkó ti 1875 fi ìlànà kíkọ èdè wa lélẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdílé di ti àtijọ́ mú. Nítorí náà, ẹni tí ó ń wá bàbá ńlá rẹ̀, kí ó fi etí wá a ju ojú lọ. Orúkọ tí “Ṣó” bẹ̀rẹ̀ a máa tọ́ka sí Ẹ̀gbá tàbí Ìjẹ̀bú. Bí ìyá àgbà bá sì ń pe ilé ní “ulé”, kí ó kọjú sí Ìjẹ̀ṣà tàbí Èkìtì. Ẹ jẹ́ kí á tọpinpin, kí àwọn ọmọ bàbá kan náà má baà fẹ́ ara wọn láìmọ̀.