Aràn Kan Ni, Àbí Méjì? Ìtàn Haemonchus

Haemonchus jẹ́ aràn àfòmọ́, ìyẹn ẹ̀dá tó ń jẹ lára ẹ̀dá mìíràn, tó ń mu ẹ̀jẹ̀ nínú ikùn kẹrin àgùntàn, ewúrẹ́ àti màlúù. Nínú abo rẹ̀, ìfun tó pọ́n fún ẹ̀jẹ̀ àti ilé ọmọ tó funfun lọ́ mọ́ra bí okùn, ìyẹn ló bá orúkọ tí Rudolphi sọ ọ́ ní 1803 mu: contortus, ohun tó lọ́ pọ̀, lédè Látìn. Nígbà tí Ransom wá sọ aràn inú màlúù ní placei ní 1911, láti fi rántí Place tó ti kọ nípa rẹ̀ ní 1893, ìbéèrè kan jẹyọ tó gbà ju ọgọ́rin ọdún lọ kó tó rí ìdáhùn: ṣé ẹ̀yà kan ni aràn àgùntàn àti ti màlúù, àbí ẹ̀yà méjì?

Ojú àti máíkírósíkópù ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ gbára lé. Wọ́n ń wọn gígùn abẹ́rẹ́ kékeré tó wà ní ìrù akọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ọ̀kan a máa wọnú ti ìkejì. Ní 1954, Roberts àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Australia sọ pé méjì ni wọ́n. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Bremner rí i pé kírómósómù X, ọ̀kan nínú àwọn okùn inú sẹ́ẹ̀lì tó ń ru àbùdá, tóbi nínú aràn màlúù ju ti àgùntàn lọ. Síbẹ̀, Gibbons tún kó méjèèjì sábẹ́ orúkọ kan ní 1979, ọdún kan náà tí Le Jambre mú wọn gun ara wọn tó sì rí akọ tí kò lè bímọ láàárín ọmọ àdàlù wọn.

DNA ló wá parí ẹjọ́ náà. Lẹ́yìn tí Kary Mullis hùmọ̀ PCR ní 1983, ọ̀nà tó ń sọ ẹyọ DNA kan di àìmọye ẹ̀dà, ó ṣeé ṣe láti ka àbùdá aràn kan ṣoṣo. Ní 1995, Stevenson, Chilton àti Gasser ka abala tí wọ́n ń pè ní ITS-2, tí kì í sábà yí padà láàárín ẹ̀yà kan ṣùgbọ́n tó ń yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà. Nínú lẹ́tà 231 tó wà níbẹ̀, mẹ́ta péré ló ya aràn àgùntàn sọ́tọ̀ kúrò lára ti màlúù, ṣùgbọ́n ó tó láti fi hàn pé ẹ̀yà méjì ni wọ́n.

Àǹfààní kíka DNA kọjá ti orúkọ. Ẹyin àwọn aràn inú ìgbẹ́ ẹran jọra débi pé ẹni tó bá fẹ́ mọ irú wọn ní láti tọ́jú ìgbẹ́ náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ìdin tó dàgbà, nígbà tí DNA lè fi wọ́n hàn láti inú ẹyin. DNA yìí kan náà ló sì fi hàn, nínú iṣẹ́ tí Chaudhry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2015, pé ẹ̀yà méjèèjì ṣì ń gun ara wọn lórí pápá, tó fi jẹ́ pé àbùdá tí kì í jẹ́ kí oògùn ran aràn lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì níbi tí àgùntàn àti màlúù bá ti ń jẹko pọ̀.