AI tó ń tẹ àṣẹ sínú terminal: Bí ẹ ṣe lè kọ àlàyé irinṣẹ́ tó máa yé e

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin olùgbọ́ wa ló ti ń bá AI sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ní báyìí, AI ti kọjá ẹni tó kàn ń dáhùn ìbéèrè. Òun fúnra rẹ̀ ti ń wọ inú kọ̀ǹpútà lọ ṣiṣẹ́: ó ń ṣí fáìlì, ó ń yí orúkọ rẹ̀ padà, ó sì lè pa á rẹ́ pátápátá. Àlàyé kékeré kan tí èèyàn kọ sílẹ̀ fún un ló sábà máa ń mú kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yanjú, òun náà ló sì lè bà á jẹ́. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ rèé.

Kí ló ń jẹ́ terminal?

Terminal ni ojú dúdú yẹn tí àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà dunjú máa ń ṣí. Kò sí àwòrán kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lásán lèèyàn ń tẹ̀ sí i. Bẹ́ ẹ bá tẹ "ls", á to orúkọ àwọn fáìlì tó wà nínú fódà náà jáde. Bẹ́ ẹ bá tẹ "rm" pẹ̀lú orúkọ fáìlì kan, ó ti pa á rẹ́ nìyẹn. Kì í kó o sí ibì kan tẹ́ ẹ ti lè lọ ṣà á padà, kì í sì í sábà béèrè bóyá ó dá yín lójú.

Báwo ni AI ṣe ń débẹ̀?

AI ò ní ọwọ́ tó lè fi tẹ kíbọ́ọ̀dù. Àwọn tó ń kọ kóòdù ló ń ṣe irinṣẹ́ fún un: ọ̀kan fún títẹ ọ̀rọ̀ sínú terminal, òmíràn fún wíwo ohun tó wà lójú rẹ̀. Tmux, ètò kan tó ti wà láti ọdún 2007, wà lára ohun tí wọ́n ń lò fún un, torí pé ó lè ṣí fèrèsé terminal púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Anthropic gbé ìlànà kan jáde tó ń jẹ́ Model Context Protocol. Lábẹ́ ìlànà yìí, irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, àlàyé, àti àkọsílẹ̀ ohun tí AI gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ bó bá fẹ́ lò ó. AI kì í sábà rí kóòdù tó wà nínú irinṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀ yẹn nìkan ló mọ̀.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ò tó

Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀, á di odindi. AI náà máa ń sọ ààbọ̀ di odindi, àmọ́ ó lè máà jẹ́ odindi tẹ́ ẹ ní lọ́kàn.

Ẹ wo àlàyé yìí: "Irinṣẹ́ yìí ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí terminal."

Kò sí irọ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n fèrèsé wo? Ṣé irinṣẹ́ náà ló máa tẹ Enter, àbí AI? Bí AI bá rò pé irinṣẹ́ ló máa tẹ̀ ẹ́, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, àṣẹ náà á kàn dúró sójú terminal láìṣiṣẹ́. AI á tún òmíràn rán. Méjèèjì á lẹ̀ mọ́ra, á wá di àṣẹ tẹ́nì kankan ò rán an.

Ẹ wá wo èyí: "Ó ń tẹ ọ̀rọ̀ sínú fèrèsé tí o bá dárúkọ. Kì í tẹ Enter fúnra rẹ̀ àfi tí o bá ní kó tẹ̀ ẹ́. Kì í mú èsì wá. Lo wo_oju láti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí àṣẹ kan bá ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, má tẹ òmíràn lé e."

Ìyàtọ̀ wọn ò ju gbólóhùn mẹ́rin lọ.

Ohun márùn-ún tó yẹ kó wà nínú àlàyé

1. Ohun tí irinṣẹ́ náà ń ṣe, àti ohun tí kì í ṣe.

2. Ìgbà tó yẹ kí AI lò ó, pàápàá bí irinṣẹ́ méjì bá jọra.

3. Ohun tí AI máa fi ránṣẹ́, pẹ̀lú àpẹẹrẹ. Bẹ́ ẹ bá ní kó dúró fún 30, ẹ sọ bóyá ìṣẹ́jú ni tàbí ìṣẹ́jú àáyá.

4. Ohun tó máa gbà padà. Bí tmux bá ń ka ojú terminal, ohun tó hàn lójú nìkan ló máa ń mú wá, àfi tẹ́ ẹ bá ní kó mú ti ẹ̀yìn náà kún un. Bí àṣìṣe bá ti yí kọjá sókè, AI lè máà rí i, kó sì sọ fún yín pé gbogbo nǹkan ti yọrí.

5. Ewu tó wà níbẹ̀. Ká ní ilé iṣẹ́ rédíò kan ní fódà tí ohùn àwọn àgbà wà nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn ti di olóògbé. Wọ́n wá fún AI ní irinṣẹ́ kan tí àlàyé rẹ̀ ní "ó ń kó fáìlì kúrò." Ṣé ó ń gbé e lọ síbòmíràn ni, àbí ó ń pa á rẹ́? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló wà láàárín kí ohùn wọn ṣì wà àti kó máà sí mọ́. Ẹ kọ ọ́ gbangba: "Ó ń pa fáìlì rẹ́. Kò ṣe é dá padà."

Ṣé àlàyé nìkan tó?

Rárá o. Àlàyé dà bí ìwé "Má wọlé" tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, kì í ṣe kọ́kọ́rọ́. Fódà tẹ́ ò bá fẹ́ kí AI fọwọ́ kàn, ẹ tì í pa. Ẹ jẹ́ kó gba àṣẹ lọ́wọ́ èèyàn kó tó ṣe ohun tí kò ṣe é dá padà, kẹ́ ẹ sì ní ẹ̀dà fáìlì yín níbòmíràn.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé àlàyé yín dáa?

Ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ náà kó kà á. Ìbéèrè yòówù tó bá bi yín, ìdáhùn rẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ fi kún àlàyé náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fún AI ní iṣẹ́ kékeré nínú fódà tí kò sí ohun gidi níbẹ̀, kẹ́ ẹ máa wò ó. Ibi tó bá ti ṣì í, ẹ kọ́kọ́ padà síbi àlàyé yín kẹ́ ẹ tó dá AI lẹ́bi.